Bí ẹ ṣe lè yan dash cam tí yóò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀

Ẹni tó bá ń wakọ̀ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ irú ọ̀nà tí à ń sọ. Tírélà tó ń ti Ìlọrin bọ̀ ń yọrí láti ya tírélà ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọlọ́kadà ń gba ọwọ́ òdì, Micra ń tẹ bíréèkì lójijì nítorí èrò kan ṣoṣo. Bí ọkọ̀ bá sì kọlu ọkọ̀, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù ló máa ń jàre lójú àwọn tó pé jọ. Dash cam, kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, tó ń ya fídíò ojú ọ̀nà láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣíná títí ẹ ó fi pa ọkọ̀, ló lè fi bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an hàn.

Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lọ́jà ni yóò já ẹni tó rà á kulẹ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni ọlọ́kọ̀ yóò rí i pé kámẹ́rà ti dákẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ooru, mẹ́mórì ayédèrú àti iná tó ń já lójú ọ̀nà ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe pé àwòrán rẹ̀ kò tó 4K, ọ̀kan nínú ìwọ̀n àwòrán tó ga jù. Torí náà, bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ kọ́kọ́ yọ owó mẹ́mórì gidi àti ti wáyà iná sọ́tọ̀, kí ẹ tó fi ìyókù wá kámẹ́rà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ooru

Gbogbo dash cam ló ní ohun kan nínú tó ń tọ́jú iná díẹ̀, kó lè rí ààyè pa fáìlì ìkẹyìn dé bó ṣe yẹ bí iná ọkọ̀ bá já lójijì. Àwọn olówó pọ́ọ́kú ń lo bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú fóònù. Àwọn tó dára jù ń lo supercapacitor. Ọkọ̀ tí ẹ bá gbé sójú oòrùn ọ̀sán ní oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, tí ẹ sì ti gbogbo gíláàsì rẹ̀, inú rẹ̀ lè gbóná kọjá 60°C, ara gíláàsì iwájú níbi tí kámẹ́rà lẹ̀ mọ́ sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú irú ooru yìí, bátìrì lithium yóò wú, yóò ti ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣí, ó sì lè gbiná. Supercapacitor kì í wú bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló ń gbé iná dúró, ìyẹn náà sì ti tó fún iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀ kò le. Bí ẹ bá rí mAh kan tí wọ́n kọ sára páálí, bíi 200mAh tàbí 300mAh, bátìrì ni. Bí ẹ̀yin àti ọlọ́jà kò bá gbà fún ara yín, ẹ tan kámẹ́rà náà, kí ẹ sì fa wáyà iná yọ. Èyí tó bá kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni supercapacitor. Èyí tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, bátìrì ló ń lò. Ẹ tún wo ìwé inú páálí fún ìwọ̀n ooru tó lè fi ṣiṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá kọ 65°C tàbí 70°C sí ni kí ẹ mú. Tí wọn kò bá kọ nǹkan kan rárá, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

A kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra èyí tí wọ́n ṣe bíi díńgí inú ọkọ̀. Ó wúwo, rọ́bà tí wọ́n fi ń dè é mọ́ díńgí máa ń rọ̀ nínú ooru, gbogbo kòtò tí táyà bá bọ́ sí ló sì ń mú àwòrán rẹ̀ gbọ̀n. Lójú ọ̀nà wa, àwòrán tó ń gbọ̀n kò ní fi nọ́ḿbà kankan hàn.

Nọ́ḿbà ọkọ̀ ni kí ẹ fi dán àwòrán wò

Ohun tí ẹ fẹ́ kí fídíò fi hàn ju gbogbo rẹ̀ lọ ni nọ́ḿbà ọkọ̀ ẹni tó kọlù yín tó sì sá. 1080p, 1440p àti 4K ni wọ́n fi ń sọ bí àwòrán ṣe ṣe kedere tó. 1080p nílò sensor, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà fi ń ríran, tó tó megapixel 2 (ẹ̀ún àwòrán mílíọ̀nù méjì), 1440p nílò bíi 4, 4K gidi sì nílò 8. Bí páálí bá pariwo 4K, tí ìwé rẹ̀ sì sọ pé sensor náà jẹ́ megapixel 2 tàbí 5, àwòrán kékeré ni wọ́n ń fà gùn. Kò sí ohun tuntun kankan tí fífà yẹn fi kún un. Ẹ béèrè orúkọ sensor. Nínú àwọn Sony STARVIS, ìyẹn sensor tí Sony ṣe fún ríríran nínú òkùnkùn, IMX307 jẹ́ megapixel 2, IMX335 jẹ́ 5, IMX415 jẹ́ 8. IMX678, tó jẹ́ STARVIS 2, jẹ́ 8 pẹ̀lú, òun ló sì ríran jù nínú wọn lóru. Ẹni tó jẹ́ pé ilé sí ọjà Àkẹ̀sán tàbí ilé sí yunifásítì LAUTECH lójú mọmọ ni ìrìn rẹ̀, 1080p tó ní IMX307 tó o. Ẹni tó ń rìn lóru lójú ọ̀nà Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, kó gbìyànjú kó dé orí 1440p tàbí kó ra èyí tó ní STARVIS 2.

Lẹ́ńsì tó ń wo fẹ̀ jù máa ń tan ni. Wọ́n á ní 170°, inú oníbàárà á dùn pé gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì ló ń rí. Àmọ́ bí lẹ́ńsì bá ṣe ń fẹ̀ tó ni nọ́ḿbà ọkọ̀ tó wà níwájú ń kéré tó. Láàárín 130° sí 150° ló dára fún ọkọ̀ ojoojúmọ́. Àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí wọ́n ń kọ ní 30fps, náà ti tó. 60fps dára lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n lóru kì í jẹ́ kí àwòrán kọ̀ọ̀kan gba ìmọ́lẹ̀ tó.

Ọ̀nà kan wà láti mọ òótọ́ kámẹ́rà níwájú ọlọ́jà. Ẹ mú mẹ́mórì tiyín lọ, ẹ fi ya ìṣẹ́jú kan gééré nídìí títì, kí ẹ wá wo ìwọ̀n fáìlì náà lórí fóònù. Fáìlì 1080p oníṣẹ́jú kan yẹ kó tó bíi 90MB sí 120MB. Bí kò bá tó 60MB, wọ́n ti fún un pọ̀ jù: nọ́ḿbà ọkọ̀ tó bá ń rìn yóò kàn dà bí ọ̀dà tó yòrò ni. 4K tó dáa máa ń tó 300MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kámẹ́rà náà bá ń lo H.265, ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀, ìwọ̀n yìí lè dín kù díẹ̀ láìsí ìpalára. Ẹ wá dá fídíò náà dúró lójú ibi tí ọkọ̀ kan ti ń kọjá, kí ẹ fẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ka nọ́ḿbà rẹ̀. Ẹ má ṣe fi fídíò tí ọlọ́jà ti tọ́jú sínú fóònù rẹ̀ dá ara yín lójú.

Ti òru tún yàtọ̀. Ọ̀dà ara nọ́ḿbà ọkọ̀ máa ń dá iná padà, torí náà iná iwájú tiyín gan-an lè mú kí nọ́ḿbà ọkọ̀ tó wà níwájú yín funfun báláú, tí lẹ́tà kan kò ní hàn. Nínú àtòjọ kámẹ́rà, ẹ wá EV, ibi tí wọ́n ti ń yí ìmọ́lẹ̀ àwòrán, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti 0 sí −0.3 tàbí −0.7. Títì á ṣókùnkùn díẹ̀ lójú fídíò, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà á hàn. Bí HDR bá wà, èyí tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù àti ibi tó ṣókùnkùn jọ hàn, ẹ tan án lóru. Ẹ lọ dán an wò ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Owódé ní Ọ̀yọ́ ní bíi aago méje alẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, kó tó di pé ìgbà tí wọ́n lè gbà á padà lọ́wọ́ yín kọjá.

Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń rìn bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀yin àti ẹni tó ń bọ̀ níwájú bá jọ ń sáré bẹ́ẹ̀ lóru, kò sí dash cam ìwọ̀n owó tiwa tí yóò ka nọ́ḿbà rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ẹ jẹ́ kí gbohùngbohùn kámẹ́rà wà ní títàn: bí ẹnì kan bá gbá yín tó sì ń sá lọ, ẹ fi ohùn òkè ka nọ́ḿbà rẹ̀, àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ àti ibi tó kọrí sí. Ohùn yín á wọnú fídíò pẹ̀lú aago àti déètì. Ẹni tó bá ń gbé èrò, kó sọ fún wọn pé kámẹ́rà ń gba ohùn.

Mẹ́mórì

Dash cam ń kọ, ó ń pa rẹ́, ó tún ń kọ sórí ibi kan náà ní gbogbo ìgbà. Mẹ́mórì tí wọ́n ṣe fún fóònù kì í pẹ́ kú lábẹ́ iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọ́n kọ Endurance sí lára ni kí ẹ rà, bíi SanDisk High Endurance tàbí Samsung PRO Endurance, kí àmì U3 tàbí V30, tó ń sọ bó ṣe ń yára gba fídíò tó, sì wà lára rẹ̀. Fún 1080p, 64GB lè gba bíi wákàtí 9 kó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Fún 4K, 128GB kì í sábà ju wákàtí 7 lọ, kámẹ́rà ẹ̀yìn tó ń ya pẹ̀lú á sì tún dín in kù. Ẹ kọ́kọ́ wo iye tí kámẹ́rà yín lè gbà o, torí àwọn kan kì í ka ohun tó bá ju 32GB lọ.

Ayédèrú ló pọ̀ jù nínú gbogbo ọjà yìí. Mẹ́mórì 8GB ni wọ́n á tún kọ, tí fóònù á máa pè é ní 128GB. Ó á gba fídíò dé 8GB àkọ́kọ́, ìyókù á sì di fáìlì tí kì í ṣí. Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi H2testw dán an wò; F3 wà fún Mac àti Linux. Ó lè gba ju wákàtí kan lọ, ẹ fara dà á. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi sínú kámẹ́rà kó máa yà á lọ títí yóò fi kún, kó wá ṣí fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀, láti àárín àti láti ìparí. Bí àárín kò bá ṣí, ayédèrú ni.

Inú kámẹ́rà gan-an ni kí ẹ ti máa ṣe format mẹ́mórì, ìyẹn pé kí ẹ nu gbogbo ohun inú rẹ̀ kúrò, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kì í ṣe lórí fóònù.

Ohun tó ń kún mẹ́mórì láìnídìí níbí ni G-sensor. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bí nǹkan bá gbá ọkọ̀, kó sì ti fáìlì yẹn pa kí wọ́n má baà kọ nǹkan mìíràn lé e lórí. Kòtò àti bọ́ǹpù kò yàtọ̀ sí ìjàm̀bá lójú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sórí ìwọ̀n gíga, láàárín ọjọ́ mélòó kan fáìlì tí a tì pa á gba gbogbo mẹ́mórì, kámẹ́rà á sì dákẹ́ tàbí kó máa han pípìpípì. Ẹ gbé e sórí Low. Bó bá ṣì ń ti fáìlì pa ní gbogbo kòtò, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ máa fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì ìtìpa nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú kan tàbí mẹ́ta: bí ọ̀kan bá bàjẹ́, ohun tí ẹ pàdánù á kéré.

Iná

Ihò sìgá ló rọrùn jù, òun náà ló sì ń já ènìyàn jù. Ṣájà tó wà nínú rẹ̀ máa ń mì bí táyà bá bọ́ sí kòtò, iná á já fún ìdá kan ìṣẹ́jú àáyá, kámẹ́rà á kú, á tún jí. Ìgbà tí ó ń jí yẹn gan-an ni ohun tí ẹ fẹ́ rí lè ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni ẹ máa lò, ṣájà tó bá kámẹ́rà wá ni kí ẹ fi sí i. Ṣájà fóònù olówó kékeré tí kì í mú 5V dúró ló ń fa títan àti kíkú láìdáwọ́dúró. Ẹ sì wò ó bóyá ihò sìgá ọkọ̀ yín ń kú bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́: nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan kì í kú, kámẹ́rà á sì máa fa bátìrì ọkọ̀ mọ́jú.

Ohun tó dára jù ni kí rìwáyà so ó mọ́ àpótí fíúsì. Ẹ dúró tì í, kí ẹ sì rí i pé báyìí ló ṣe é. Kíìtì, ìyẹn àkójọ wáyà tí wọ́n fi ń so ó, ní wáyà mẹ́ta: pupa lọ sí fíúsì tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ dé ACC (ibi tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́) nìkan ló ń gba iná, yẹ́lò lọ sí fíúsì tó ní iná nígbà gbogbo, dúdú lọ sí irin ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, fíúsì tí wọ́n kọ CIG tàbí ACC sí ló dára fún pupa. Kó má fọwọ́ kan èyí tí wọ́n kọ SRS, AIRBAG, ABS, EFI tàbí ECU sí. Kó má ṣe gé wáyà ọkọ̀ kankan. Ike àfikún fíúsì wà, tó ń gba fíúsì méjì lápapọ̀: ti ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ àti 2A tàbí 3A fún kámẹ́rà. Ìwọ̀n ike yìí gbọ́dọ̀ bá fíúsì ọkọ̀ yín mu, torí náà ẹ fa fíúsì kan yọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́jà.

Ike náà ní ojú àti ẹ̀yìn. Láti mọ̀ bó bá wọlé bó ṣe yẹ, ẹ fa fíúsì àtijọ́ yọ nínú ike náà kí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́. Bí kámẹ́rà bá ṣì tàn, ó dára. Bí kò bá tàn, ẹ yí ike náà padà, torí iná kámẹ́rà ń gba inú fíúsì ọkọ̀ kọjá. Wáyà dúdú gbọ́dọ̀ kan irin tí kò ní ọ̀dà. Bóòtù tí wọ́n ti kùn kì í gbé iná. Wáyà gígùn á gba abẹ́ rọ́bà ẹnu ọ̀nà lọ sókè. Bí airbag bá wà nínú òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ẹ̀yìn airbag ni kí wáyà gbà, kó má ṣe dábùú rẹ̀ níwájú.

Wáyà yẹ́lò ló ń jẹ́ kí kámẹ́rà ṣọ́ ọkọ̀ tí ẹ ti pa. Ẹ rò ó dáadáa. Kámẹ́rà tó ń fa 0.3A yóò jẹ bíi 3.6Ah láàárín wákàtí 12, bátìrì tó ti gbó kò sì ní gba ìyẹn fún ọjọ́ púpọ̀ bó bá jẹ́ pé ìrìn kúkúrú bíi Sábó sí Under G nìkan ni ọkọ̀ ń rìn. Ẹ gbé ibi tí kíìtì á ti gé iná sórí 12.4V. 12.0V tí ọ̀pọ̀ máa ń bá wá túmọ̀ sí pé bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá ní ọgbà tó ní géètì, kó má wulẹ̀ lo yẹ́lò láti ṣọ́ ọkọ̀.

Ibi tí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́

Ẹ̀yìn díńgí àárín, sí apá ọ̀tún níbi tí ẹni tó jókòó níwájú wà, kó má dí yín lójú. Kó bọ́ sí ibi tí wáípà ń nù, kó má sì wà lábẹ́ tíńtì tó wà lókè gíláàsì. Ẹ fi spirit nu gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tẹ gọ́ọ̀mù 3M mọ́ ọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ kan kó tó di pé ẹ gbé kámẹ́rà kọ́ ọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ló dára láti ṣe é. Èyí tó ń fi rọ́bà fa gíláàsì máa ń já bọ́ lọ́sàn-án. Àlà ibi tí títì àti ojú ọ̀run ti pàdé ni kó wà láàárín àwòrán. Tíńtì tó ní irin nínú lè dí GPS, tó ń mọ ibi tí ọkọ̀ wà, lọ́wọ́, tíńtì dúdú tó wà lẹ́yìn sì máa ń sọ kámẹ́rà ẹ̀yìn di afọ́jú lóru. Nígbà ọ̀yẹ́, ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nu lẹ́ńsì àti inú gíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń wọnú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ẹ wọn gígùn wáyà rẹ̀ kí ẹ tó rà á: mítà 6 tó fún Corolla, àmọ́ Sienna lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá jẹ́ èyí tó ń ṣí sókè, kí wáyà gba inú rọ́bà tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gé láìpẹ́. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò lè wá èyí tó ní kámẹ́rà inú pẹ̀lú iná infrared, iná tí ojú kì í rí, fún òru.

Wi-Fi kámẹ́rà, tí fóònù fi ń gba fídíò lára rẹ̀, kì í jẹ dátà. Bí fóònù bá ń já kúrò lára rẹ̀, ẹ pa dátà fóònù títí ẹ ó fi gba fídíò tán.

Aago, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ẹ gbé aago sórí GMT+1, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Fídíò tó gbé déètì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn á di ohun tí ẹnìkejì yóò fi ta kò yín. Bí déètì bá ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣíná, ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń tọ́jú iná nínú kámẹ́rà ti kú. Èyí tó ní GPS máa ń tún aago ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń kọ ibi tí ẹ wà àti eré tí ẹ ń sá. Ẹ rántí pé ó lè fi hàn pé ẹ̀yin gan-an lẹ sáré jù.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí sí ẹni tó farapa, tí ẹ sì ti pe Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tàbí ọlọ́pàá, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtìpa, ẹ pa kámẹ́rà, kí ẹ sì yọ mẹ́mórì rẹ̀. Ẹ má gé fídíò náà, ẹ má kọ ohunkóhun sí i lára. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì. Bí ẹ bá máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi document ni kí ẹ fi í ránṣẹ́, torí bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, nọ́ḿbà ọkọ̀ á sì parẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ilé ẹjọ́, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń gba ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Ó ń béèrè ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lákòókò náà, ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó o fọwọ́ sí sì wúlò fún èyí. Ẹ tètè sọ fún agbẹjọ́rò yín pé fídíò wà, kó lè bá yín ṣe ìwé náà. Ẹ fi mẹ́mórì àtètèkọ́ṣe sínú àpòòwé, ẹ kọ déètì àti nọ́ḿbà ọkọ̀ yín sí i lára, kí ẹ sì fi mẹ́mórì mìíràn sínú kámẹ́rà kí ẹ tó tún ṣíná.